Ẹ má lẹ sítíkà mọ́ ọ̀dà tí kò dán

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń to bàálù kékeré oníke tí wọ́n sì ń kùn ún: sítíkà tí a ń rẹ sómi ló ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ jù. Ojú ọ̀dà tí kò dán rí gbágungbàgun. Afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ sítíkà, á sì máa funfun. Ẹ kọ́kọ́ fọ́n fáníìṣì tó ń dán sí i, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ rẹ sítíkà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ yọ ọ́, ẹ dúró títí yóò fi máa yọ̀ fúnra rẹ̀ lórí bébà. Ẹni tó bá fi ipá fà á, yíya ló máa ya. Tó bá gbẹ tán, fáníìṣì tí kì í dán ló kàn.

Kẹ́ ẹ tó kùn ún rárá, ẹ fi ọṣẹ fọ ike náà, torí òróró ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Ọ̀dà acrylic (ọ̀dà olómi) tí ẹ máa fọ́n, ẹ là á kó ṣàn bíi mílíìkì, kí agbára afẹ́fẹ́ tó ń fọ́n ọn wà ní 15 sí 20 psi. Bó bá ki, á gbẹ lójú ọ̀nà, ojú bàálù á wá rí ṣákiṣàki. Ẹ má sì fọ́n ọ̀dà lacquer lé ọ̀dà enamel. Á sán wẹ́wẹ́.

Ti Spitfire, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́? Títí di Oṣù Kẹjọ 1941, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ ló wà lókè ara àwọn Spitfire tó ń jà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Látìgbà náà ni àwọ̀ eérú ti rọ́pò àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ wo ọdún tí sítíkà yín ń ṣojú fún kẹ́ ẹ tó ra ọ̀dà.