Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Bọ́ Sínú Gọ́tà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Orí mi máa ń wú tí mo bá rí yín pẹ̀lú ṣọ́bìrì lẹ́bàá odò Ògùnpa, tí ẹ ń kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò lójú omi. Àwa tí ojú wa rí omíyalé ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980 mọ ohun tí odò yẹn ń ṣe tí ìdọ̀tí bá dí i. Iṣẹ́ ńlá lẹ ń yọ̀ǹda ara yín ṣe.

Àmọ́ mo rí ọmọkùnrin kan tí àfọ́kù ìgò ya lẹ́sẹ̀ nínú gọ́tà. Sílípáàsì ló wọ̀. Àwọn tó pè é wá ṣiṣẹ́ fún un ní fìlà àti ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí láyà, wọn ò fún un ní bàtà òjò. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀fọ́ ló sanwó abẹ́rẹ́. Ó dùn mí wọra.

Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá ṣe àáró fún mọ̀ pé òun náà á lọ roko ẹlòmíì. Wọ́n mọ ilé ara wọn nígbà náà. Ẹgbẹ́ tó ń pè yín lónìí lè ti Àbújá wá, ó lè ti òkè òkun wá.

Òfin kò gbàgbé yín pátápátá. Abala 40 ìwé òfin 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Abala 24 ní ojúṣe yín ni láti ṣe àdúgbò tí ẹ ń gbé lóore. Òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin tó wà fún ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, sì la ọ̀nà bí ẹgbẹ́ aláàánú ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ lè wá orúkọ wọn níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti àgùnbánirọ̀ yàtọ̀: láti 1973 ni òfin ti dè é, dandan ni, aláwẹ̀ẹ́ sì ń bá a rìn. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ò ní aláwẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ béèrè.

Ta ló máa sanwó dókítà? Bàtà àti ìbọ̀wọ́ dà? Aago mélòó la máa ṣíwọ́? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, kí òbí rẹ̀ gbọ́ sí i.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bínú, ẹ kàn padà sílé. Ẹ lọ bá alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò yín, kó bá yín wá bàtà àti ṣọ́bìrì, kí ẹ ṣe é fúnra yín.

Èmi ni bàbá yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.