Ẹ béèrè ìwé òògùn lọ́wọ́ àǹtí jẹ́léósinmi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Nígbàkígbà tí fídíò àǹtí tó ń na ọmọ ọdún méjì bá gba orí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn èèyàn máa ń sọ: kí àwọn onílé-ìwé máa gba ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run síṣẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n òbí wo ló máa dúró lẹ́nu géètì láago méje àárọ̀, tó máa wo ojú èèyàn tó sì máa rí ìbẹ̀rù Ọlọ́run níbẹ̀? Ohun tó lè rí ni ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lójoojúmọ́ sí. Ta ló fún ọmọ lóògùn, báwo ló ṣe pọ̀ tó, aago mélòó ló lù? Ta ló wá mú ọmọ lọ lánàá? Kí ló ṣe é tí iwájú orí rẹ̀ fi wú? Jẹ́léósinmi tí kò bá lè ṣí ìwé dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹ má tíì sanwó.

Orúkọ tá a sọ ibẹ̀ pàápàá tú àṣírí wa. Jẹ́-lé-ó-sinmi: ilé la fẹ́ kó sinmi, a ò mẹ́nu ba ọmọ.

Òògùn ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ní promethazine tàbí chlorphenamine, òògùn ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, torí pé ó máa ń kunni lóorun. Ọmọ á sùn láago mẹ́wàá, kò ní jí títí di aago mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ á rọ̀ jọ̀jọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbé e, tó bá sì di òru kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn nílé. Promethazine lè dá èémí ọmọ kékeré dúró. Láti 2004 ni àjọ tó ń mójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àǹtí tó ní díẹ̀ lòun fún un, òun ò fún un púpọ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Paracetamol tí gbogbo wa mọ̀ náà ní ewu tiẹ̀. Èyí tó wà nínú ìgò ńlá fún ọmọdé sábà máa ń ní mílígíráàmù 120 tàbí 125 nínú mìlílítà 5. Èyí tí wọ́n ń kán fún ọmọ ọwọ́ máa ń ní 100 nínú mìlílítà 1 péré. Ẹni tí kò bá ka ara ìgò, tó wá fi ṣíbí mìlílítà 5 wọn èyí tí wọ́n ń kán, ti ro mílígíráàmù 500 sẹ́nu ọmọ ọwọ́. Odindi hóró kan tí àgbàlagbà ń lò nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni méjì ka ara ìgò kí òògùn tó wọ ẹnu ọmọ, kí ìyá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ òògùn àti agbára rẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n máa fún un, aago tí wọ́n fún un kẹ́yìn nílé, àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Aago ilé yẹn làwọn ìyá máa ń gbàgbé jù. Wákàtí mẹ́rin ló kéré jù láàárín ìgbà kan sí èkejì, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24. Bí ìyá bá ti fún un láago mẹ́fà tí kò sọ, tí àǹtí tún fún un láago mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó ṣìkà nínú àwọn méjèèjì, ọmọ ló jìyà.

Ó tún ku rírọ. Àǹtí á tẹ́ ọmọ sórí itan, á rọ orí rẹ̀ sẹ́yìn, á ká àtẹ́lẹwọ́ bí ife sẹ́nu rẹ̀, á bu ẹ̀kọ sí i, ìka á sì dí imú. Kí ọmọ tó lè mí, àfi kó gbé e mì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa àgbà ṣe rọ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀fun, ọ̀nà èémí kò jìnnà sí ọ̀nà oúnjẹ, ọmọ tó ń sunkún sì ń fa èémí sínú bí ẹ̀kọ ṣe ń wọlé. Ohun tó bá gba ọ̀nà èémí lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń balẹ̀ sí. Ó lè fún ọmọ pa lójú ẹsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì ni ibà àti mímí gúlegúle á bẹ̀rẹ̀, tí kò ní sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀kọ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń rọ ọmọ? Torí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ìyá nírọ̀lẹ́ ni “Ṣé ó jẹ ẹ́ tán?”, abọ́ sì gbọ́dọ̀ padà sílé lófìfo. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gba “ó jẹ ìdajì” lọ́wọ́ àǹtí, kí ó lè máa kọ òótọ́. Bó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo lẹ ń fún ọmọ, ẹ má pò ó láti ilé. Èyí tí wọ́n bá ti pò kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú yàrá, èyí tí ọmọ bá sì ti fẹnu kàn, láàárín wákàtí kan ni kí wọ́n da ìyókù nù. Ẹ wọn ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ike gbígbẹ, kí àǹtí fi omi híhó tó ṣì gbóná dáadáa pò ó, kó jẹ́ kó tutù kó tó fún ọmọ.

Kì í ṣe gbogbo àǹtí tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí ló rorò. Ní England, níbi tí àìmọye ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òfin ò gbà kí àgbàlagbà kan mójú tó ju ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún méjì lọ. Níbí, ẹ lè bá ọmọ 12 lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni méjìlá ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ìgò òògùn oorun wà lórí férèsé. Ọwọ́ ẹni tó ni ilé-ìwé, tó gba owó ọmọ méjìlá, ni ẹjọ́ yẹn wà ná. TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìlànà ìwà fún àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n láti NCE sókè ni wọ́n ti ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àǹtí inú yàrá ọmọ ọwọ́ kò sì ní in. Ìlànà tí ọ̀gá wọn bá kọ, tó sì kà sí wọn létí, ló lè de irú wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Kí orúkọ àwọn tó lè mú ọmọ lọ wà nílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò wọn. Bí ẹlòmíì bá dé, nọ́ńbà ìyá tó wà nínú ìwé ni kí àǹtí pè, kó má pe èyí tí àlejò bá kà fún un. Pé ọmọ sáré lọ dì mọ́ ọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ ọdún méjì lè pe gbogbo ọkùnrin ní Dádì. Láàárọ̀ náà, kí àǹtí wo ara ọmọ níṣojú ìyá, kó kọ ojú egbò tàbí ibi tó wú sílẹ̀ kí ìyá tó yí ẹ̀yìn padà. Bí ọmọ bá forí gbá lọ́sàn-án, lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n pe ilé. Bó bá ń bì léraléra, tó ń tòògbé nígbà tí kì í sùn, tàbí tí omi ń jáde létí tàbí nímú, ọsípítù ni. Fọ́tò ọmọ kò sì gbọdọ̀ dé orí status àǹtí kankan.

Èyí tó le jù ni ìgbà tí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Kí àǹtí má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. “Kí ló ṣẹlẹ̀?” ti tó. Kó má ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ: bó bá ní “ìdí mi”, “ìdí mi” ni kó wà nínú ìwé. Kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí aṣọ rẹ̀ wọ àpò bébà, kó má wọ nọ́ílọ́ọ̀nù tó máa mú un bu. Òògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ bí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, nítorí náà kò sí àyè fún ìpàdé ẹbí nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, ọsípítù ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013, DSVA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá inú ilé, ló sì yẹ kó gbọ́. Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ láti 2007. Láti 2016 náà ni àṣẹ gómìnà ti wà pé kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ní ìlànà ààbò ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi tiwọn hàn yín.

Bí wọ́n bá gbé ìwé òògùn jáde, ẹ wò ó dáadáa. Ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ máa ń ní báírò oríṣiríṣi, àbàwọ́n ẹ̀kọ, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni méjì tàbí mẹ́ta, àti ibi tí wọ́n ti fagi lé nǹkan. Èyí tó mọ́ tónítóní, tí báírò kan ṣoṣo kọ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ Fúráídè ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń dá àwọn olùtọ́jú ọmọ lẹ́kọ̀ọ́,
Agége, Èkó.