Ẹ Má Pa Omijé Akọni Yín Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ka kọ́míìkì, àti ẹ̀yin tó ń yà á,

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò sì fẹ́ gbé e sùn mọ́.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, jókòó sídìí tábìlì wa níbí ní London, ó ń ya àwòrán. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo bébà náà. Mo ní kí ló dé? Ó ṣí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Akọni ló yà, ó ń fò lójú ọ̀run, igẹ̀ rẹ̀ gbórín bí ìlù gbẹ̀du, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí bébà lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ ẹ̀kán omijé méjì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti na ọwọ́ sí rọ́bà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Àgbà, mo ti fẹ́ pa á rẹ́."

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, ẹnu mi sì ni bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a sin ìyá mi n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 9 ni bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí i létí níbi sàréè, mo ní ọkùnrin kì í sunkún. Mo rí i bó ṣe gbé ẹkún náà mì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an: akọni. Akọ ló ṣáájú nínú rẹ̀. Bí obìnrin bá ṣe bẹbẹ, a ó ní "obìnrin bí ọkùnrin", inú rẹ̀ á dùn. Ẹ wá yí i padà, ẹ pe ẹnì kan ní "ọkùnrin bí obìnrin", ìjà dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba ńlá wa tó ń bẹ̀rù ààrá Ṣàngó, ojú wọn ló ṣe ń rí elégùn rẹ̀ tó dirun bí obìnrin, tí wọ́n sì ń pè é ní ìyàwó òrìṣà. Kò sẹ́ni tó sọ pé irun dídì ti dín iná òrìṣà náà kù.

Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ kọ́míìkì tí ẹ ń kà ti wá, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Lọ́dún 1954, ọdún tí ìyá mi bí mi, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Fredric Wertham gbé ìwé jáde pé kọ́míìkì ń ba àwọn ọmọdé jẹ́. Ó ní ilé tí Batman, akọni kọ́míìkì, àti Robin, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, jọ ń gbé dà bí ohun tí ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ ara wọn máa fi ṣàlá. Ilé aṣòfin àgbà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ẹ̀rù ba àwọn tó ń tẹ kọ́míìkì, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ṣe òfin tí wọ́n pè ní Comics Code. Ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin wà lára ohun tí òfin náà pè ní ìbálòpọ̀ tó wọ́, ó ní a ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i pàápàá. Ó di 1989 kí wọ́n tó yọ èèwọ̀ yẹn kúrò nínú òfin náà. Ọdún 35 gbáko! Lọ́dún 1956 ni Batwoman, akọni obìnrin, dé, ó gbé báàgì obìnrin dání, àtíkè àti ìtọ́tè ló fi ń jà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ ìtàn yìí gbà pé wọ́n mú un wá kí ẹnu ayé lè kúrò lára Batman ni. Lọ́dún 2006, wọ́n fi orúkọ kan náà pe ẹlòmíràn, Kate Kane, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Nínú ìtàn tirẹ̀, iléèwé ológun West Point ni ó fi sílẹ̀, torí kò fẹ́ purọ́ nípa ẹni tó jẹ́.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni akọni kọ́míìkì tó ń jẹ́ Northstar, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Jean-Paul Beaubier, ọmọ Quebec ní Kánádà, tó ń fò, tó sì ń sáré bí mànàmáná. 1979 ló kọ́kọ́ jáde. John Byrne tó dá a ti ní i lọ́kàn pé ọkùnrin ló ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò ráyè kọ ọ́ gbangba. Ó di 1992, nínú kọ́míìkì Alpha Flight nọ́ńbà 106 tí Scott Lobdell kọ, kí Northstar tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti rí ọmọ jòjòló kan tí wọ́n gbé jù nù, àrùn éèdì (AIDS) wà lára ọmọ náà, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń káàánú rẹ̀. Ni akọni àgbà kan, Major Mapleleaf, bá ya wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìbínú, ó fẹ́ pa ọmọ náà. Kí ló dé? Ọmọkùnrin tirẹ̀, tó ń fẹ́ ọkùnrin, ti kú ikú éèdì kan náà, kò sì sẹ́ni tó sunkún rẹ̀. Àárín ìkúùkù ni Northstar ti jẹ́wọ́ fún un pé irú ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ lòun náà.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Bàbá tí ò rí ibi sunkún ọmọ rẹ̀! Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀fọ̀ náà gbà jáde. Ẹ̀yin ọmọ mi, òfin kan ṣoṣo ni òfin méjèèjì. Èyí tó ní ọkùnrin kì í sunkún ló tún ní ọkùnrin kì í fẹ́ ọkùnrin, òun náà ló sì ní kí èjìká akọni kan etí bébà.

Lọ́dún 2012, nínú kọ́míìkì Astonishing X-Men nọ́ńbà 51 tí Marjorie Liu kọ, Northstar ṣègbéyàwó ní New York, ọdún kan lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́? Kyle Jinadu, ọkùnrin adúláwọ̀. Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Jinadu! Ẹ dé Ìsàlẹ̀ Èkó kí ẹ pe orúkọ yẹn, ẹ ó rí iye ẹni tó máa dáhùn. Kyle ò ní agbára kankan, kì í fò, ìfẹ́ ló mú un dúró láàárín àwọn tó ń fò. Èmi rò pé èyí le ju kéèyàn fi ọwọ́ gbé mọ́tò.

Bákan náà ni Phastos, akọni kan nínú fíìmù Eternals, 2021. Orí rẹ̀ ló ń lò, ẹ̀rọ ló ń ṣe, ó ní ọkọ, ó sì ní ọmọkùnrin kan. Nígbà tí wọ́n pe òṣèré Brian Tyree Henry láti ṣe é, ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni bí òun ṣe máa dín sísanra òun kù tó. Wọ́n ní bó ṣe wà yẹn gan-an làwọn ń fẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ya àwòrán, ẹ ya ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ya èyí tó sanra, ẹ ya èyí tí ẹ̀rù ń bà tó sì lọ síbẹ̀ náà. Bí ẹ bá fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin sínú ìtàn yín, ẹ má ṣe mú un wá kí ẹ kàn fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì pa á lójú ewé kejì kí ẹlòmíràn lè rí ẹ̀san gbà. Ẹ fún un ní ìyá, ẹ fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn fúnra rẹ, mo mọ̀ pé o wà láàárín wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, níbi tí a ti ń náwó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú ọ sọ ohun tí o ò tíì fẹ́ sọ. Bí o bá wà nílé ní Nàìjíríà, o mọ̀ pé òfin ọdún 2014 ti gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ka orí irú ìgbéyàwó yẹn. Ṣọ́ ara rẹ, wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ohun tí o pa mọ́ kí o lè wà láàyè, mi ò ní pè é ní irọ́. Ọmọ wa ni ọ́.

Mo gba rọ́bà náà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi. Nígbà tó di alẹ́, mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ létí lọ́jọ́ tí a sin Màmá, mo ti gbà á padà. Dákun, má bínú sí mi." Kò fèsì. Ó pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

Èmi ni,
Bàbá yín ní London