Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ìbọn Ìléwọ́ Tí Ẹ Tà fún Mi Ń Há, Kò sì Bá Àmì

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

ÌBỌN ÌLÉWỌ́ .22 TÍ Ẹ DÁ PADÀ FÚN MI LÁÌTÚN UN ṢE

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn kejì, tí mo rí gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9, kò ju ìlà 3 lọ. Ẹ ní ẹ yin ọta 10, ìbọn náà kò há. Ẹ ní kí n lọ ra ọta tó dára ju èyí tí mò ń lò. Ẹ wá ní, pẹ̀lú iye tí mo rà á, kí ni mo tún ń retí? Gbólóhùn ìkẹ́yìn yẹn ló mú mi jókòó ti ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dópin.

Òótọ́ ni, owó mi kò pọ̀. Oṣù 14 ni mo fi kó owó ìbọn yìí jọ. Mo ti gba ìwé àṣẹ, mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò, mo sì ti fi ìbọn ẹgbẹ́ wa dánra wò fún ọdún 2 kí n tó sọ pé ó tó àkókò kí n ní tèmi. Olùkọ́ wa gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá èyí tí ẹlòmíràn ti lò tí ó ṣì le koko. Èmi ni mo lọ ka ohun tí ẹ kọ sára páálí: ìbọn tí kì í há, tó ń bá àmì láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣí i, tó yẹ fún ìdíje, tí apá gbogbo ènìyàn ká. Mo gbà yín gbọ́. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé. Èmi fi owó ṣe tèmi, síbẹ̀ inú àpótí onírin ló wà báyìí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo retí, torí ẹ bi mí. Mi ò retí ọwọ́ ìbọn onígi tí wọ́n gbẹ́ bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu. Mi ò retí irin tó ń dán bíi dígí, tàbí páálí tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ nínú. Ọwọ́ ìbọn yín jẹ́ rọ́bà líle, ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì hàn, ọ̀dà rẹ̀ sì ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó yin ọta kan ṣoṣo. Mi ò fi ìyẹn sùn yín rí, n kò sì ní fi sùn yín. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti dín owó kù. Ohun tí mo retí kò ju méjì lọ: kí ìbọn náà yin ọta tí mo bá kó sí i, kí ọta náà sì lọ sí ibi tí mo fojú sùn.

Lórí ọ̀rọ̀ ọta tí ẹ ní kí n pààrọ̀, mo ṣe bí ẹ ti wí. Oríṣi 5 ni mo rà, láti èyí tó rọjú jù dé èyí tí àwọn tó ń lọ ìdíje ńlá ń lò, ọta 60 nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 300. Mo mọ̀ pé ọta .22, ọta kékeré tí ìbọn yìí ń lò, ní àléébù tirẹ̀. Etí ìdí rẹ̀ ni ohun tó ń tanná wà, kì í ṣe àárín, nítorí náà bí kò bá kárí, ọta kan lè kọ̀ lójijì. Òjé rẹ̀ ní ọ̀rá lára, ọ̀rá náà a sì máa di ẹ̀gbin nínú ìbọn. Nítorí èyí, mo ń nu ìbọn náà mọ́ tónítóní lẹ́yìn ọta 60 kọ̀ọ̀kan kó má baà di àríyànjiyàn.

Nínú ọta 300 yẹn, ìbọn náà dá iṣẹ́ dúró ní ìgbà 41. Ní ìgbà 23, èèpo ọta tó ti jáná kò jáde, tàbí kó jáde dé àárín kí irin orí ìbọn tó ń lọ sẹ́yìn bọ̀ síwájú gbá a mú. Ní ìgbà 11, ọta tuntun forí sọlẹ̀ kò lè wọlé. Ní ìgbà 7, mo fa tírígà, ìbọn kọ̀. Nínú 7 yẹn, mo dojú ìbọn kọ ibi àmì fún ìṣẹ́jú àáyá 30 bí wọ́n ti kọ́ wa, mo yọ ọta náà, mo yí i díẹ̀, mo tún fi í sí i. 5 nínú wọn ló yìn. Ẹ lè sọ pé ti ọta ni àwọn 7 yìí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n 34 tó kù ńkọ́?

Mo kọ nọ́ńbà 1 àti 2 sára ilé ọta méjèèjì (ibi tí a ń kó ọta sí kí a tó kì í bọ ìbọn) tó bá ìbọn náà wá. Nínú ìgbà 11 tí ọta forí sọlẹ̀, 10 wá láti inú nọ́ńbà 2. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 1, ẹ ó rí i pé ètè rẹ̀ tó ń di ọta mú fẹ̀ ju ti èkejì lọ, ọ̀kan sì ga ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ní ti èèpo tí kì í jáde, ẹ wo ìkọ́ kékeré tó yẹ kó gbá etí ọta mú kó sì fà á síta. Ẹnu rẹ̀ kò mú rárá, ó yí roboto bí èyí tí wọ́n gbàgbé láti lọ̀. Irin tí kò tó èékánná ni. Òun ni ẹ fi dín owó kù, òun náà ló sì sọ ìbọn tí mo fi oṣù 14 kówó jọ rà di ẹrù.

Ẹ ní ẹ yin ọta 10, kò há. Ó ṣeé ṣe. Ìgbà 30 ni mo kó ọta 10 sí i, ní ìgbà 6 ó yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láì há. Bí mo bá dúró lórí ọ̀kan nínú 6 yẹn, èmi náà ì bá kọ̀wé yìn yín.

Lẹ́tà yín àkọ́kọ́ sọ pé ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni, pé mi ò di ìbọn náà mú dáadáa. Mo rò ó gan-an, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Károly Takács, ará Hungary, ni bọ́ǹbù àfọwọ́jù ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní 1938, ọwọ́ tó fi ń yìnbọn gan-an. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gba wúrà ní Olimpiiki London ní 1948 àti ti Helsinki ní 1952. Nítorí náà, ọwọ́ ṣeé kọ́, èmi náà sì ṣì ń kọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n kò sí bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè kọ́ ìkọ́ irin láti gbá èèpo mú. Mo fún olùkọ́ wa ní ìbọn náà láìsọ ohunkóhun fún un. Ó há mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ọta 20. Mo tún kó ọta 60 láti inú oríṣi tó rọjú jù yẹn sínú ìbọn àtijọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi kọ́ṣẹ́ kí n tó débẹ̀. Kò há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ bíbá àmì ló dùn mí jù, torí òun ni mo ṣe rà á. Ní 25 mítà, lórí pátákó tí a fi ń yin ọta ní sùúrù, fífẹ̀ ojú 10, àárín gbùngbùn tó ń fún ni ní máàkì mẹ́wàá, jẹ́ mìlímítà 50. Mo gbé ìbọn náà lé àpò iyanrìn kí ọwọ́ mi má baà jẹ́ àwáwí, mo ń yin ọta 5-5. Ìgbà tó ṣe dáadáa jù, ọta 5 fẹ̀ tó mìlímítà 61. Ìgbà tó burú jù, 148. Ìbọn ẹgbẹ́ wa, lórí àpò iyanrìn kan náà, pẹ̀lú ọta kan náà, kò kọjá 35. Èyí ni pé bí mo tilẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó yẹ láìṣìnà, ìbọn yín kò lè kó ọta 5 jọ sójú 10.

Mo wá ìdí rẹ̀, mo sì rí i. Sikúrúù kan ṣoṣo ló de ọ̀pá ìbọn náà mọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo mú ọ̀dà èékánná, mo fa ìlà tín-ín-rín kọjá lórí sikúrúù náà sórí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tún fa òmíràn sórí àmì ẹ̀yìn tí a fi ń fojú sùn. Kí n tó yin ọta 80, ìlà ti sikúrúù ti yà sí méjì. Nígbà tí mo yin 100, ti àmì ẹ̀yìn náà ti ṣí kúrò ní ipò. Mo dè wọ́n padà, ọta kó ara wọn jọ díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Lójú tèmi, ẹni tó bá rí ìlà ọ̀dà yẹn kò tún nílò àlàyé kankan.

Tírígà náà kò dúró sójú kan. Òfin ìdíje 25 mítà ní kí tírígà gbé 1,000 gíráàmù ó kéré tán. Mo wọn ti yín nígbà 10: ó já ní 870 nígbà kan, ó dúró dé 1,640 nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ ìdíje tó sì já ní 870, wọn kò ní jẹ́ kí n fi yìnbọn. Ẹ̀yin lẹ sì kọ ọ́ sára páálí pé ìdíje lẹ ṣe é fún. Nínú abala tó ń yára, pátákó yóò fojú hàn fún ìṣẹ́jú àáyá 3, yóò yí padà fún 7, ọta kan ṣoṣo ni a ó yìn nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá hàn. Báwo ni ènìyàn ṣe máa fi ìbọn tó ń há nínú ọta méje-méje lọ síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù. Ìgbà tí ìbọn bá há ni ó léwu jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ojú rẹ̀ kúrò lára àmì, ó bọ́ sára irin tó há, ọwọ́ rẹ̀ kejì ń fa èèpo, ẹnu ìbọn a sì máa yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nígbà púpọ̀, ọta mìíràn wà lẹ́yìn èèpo tó há yẹn tí kò tíì yìn. Mo ti rí ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ìbọn há mọ́ lọ́wọ́, tó yíjú sí mi láti bèèrè ohun tí yóò ṣe, ìbọn náà sì ń bá a yí bọ̀. Olùkọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú lásìkò, ọpẹ́ ni. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú lẹ ń tà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló sì ń rà á. Àwọn ni irú ìbọn yìí máa ń há mọ́ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé iye tí wọ́n san ló tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò ṣòro. Kí ẹ dá owó mi padà ní pípé, pẹ̀lú owó tí mo fi fi ìbọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ìkọ́ tó ń fa èèpo, ilé ọta méjèèjì àti tírígà, kí ẹ de ọ̀pá ìbọn náà lọ́nà tí kò fi ní tú mọ́, kí ẹ yin ọta 300 nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi pátákó tí ẹ yìn ún sí ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú rẹ̀. Èwo nínú méjèèjì tí ẹ bá mú, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ra irú ìbọn yìí nípa sikúrúù tó ń tú. Èyí kò kan owó mi.

Mo fún yín ní ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́yìn rẹ̀, n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ sí mi.

Ìbọn náà ṣófo, mo ti tú u palẹ̀, mo ti dì í. Àwọn ilé ọta náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 1 àti 2, pẹ̀lú pátákó 12 àti ìwé tí mo kọ ọta kọ̀ọ̀kan sí. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n fi ránṣẹ́ ni n ó fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín