Ìlù Inú Ẹ̀rọ Lẹ Tà Fún Wa: Ẹ̀sùn Lórí Eré Ọ̀sán Sátidé

Ṣómólú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó gbé eré náà jáde,
Erékùṣù Èkó.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyá mi la wà lórí ìjókòó K14 àti K15 níbi eré yín lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà (₦12,000) ni tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Orí fóònù ni mo ti rà á, rìsíìtì rẹ̀ sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ohun tó mú mi kọ̀wé kò ju ọ̀kan lọ: ẹ polówó onílù, ẹ kò gbé onílù wá.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀kan nínú àwọn tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Eré orí ìtàgé ni fàájì mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra aṣọ ẹbí, èmi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí àga oníke kì í kárí ni mo ti ń tẹ̀ lé yín, n kì í sì í jẹ́ kí eré yín wọ Èkó kó tún jáde láìjẹ́ pé mo wò ó. Mo mọ orúkọ àwọn òṣèré yín ju ti àwọn ará àdúgbò mi lọ. Torí náà, nígbà tí pósítà yín jáde, tí mo rí i tí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé “pẹ̀lú àwọn onílù dùndún àti bàtá lójúkojú”, tí ẹ tún fi àwòrán bàbá kan tó gbé ìyá ìlù kọ́ apá sí i, kíá ni mo ti mọ ẹni tí màá mú dání.

Ọmọ àyàn ni ìyá mi. Ìlù ni bàbá tó bí i fi tọ́ wọn l’Ọ́yọ̀ọ́. Orúnkún ń dà á láàmú, kì í fẹ́ gun dáńfó mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka ohun tó wà lórí pósítà sí i létí, láti Ọjọ́bọ̀ ló ti yọ aṣọ òfì tó máa wọ̀ sílẹ̀. A gba orí Third Mainland, a bọ́ sílẹ̀ ní CMS, a wá ń fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Glover ní Customs Street, ìyá mi dúró, ó ní ibẹ̀ yẹn ni Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, ìgbà tó ṣì wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́ta lẹ kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Èyí kò bí mi nínú. Ará Èkó ni mí, mo gbé gúgúrú àti ẹ̀pà dání.

Kí ẹ tó pa iná gbọ̀ngàn ni ìyá mi ti na ọrùn wo apá ọ̀tún ìtàgé, ó tún wo apá òsì. Ó bi mí pé, “Níbo làwọn onílù jókòó sí?” Mo ní bóyá ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n wà. Ó ní, “Onílù tó jókòó sẹ́yìn aṣọ, ẹsẹ̀ ta ni yóò máa wò?”

Ìlù bẹ̀rẹ̀, inú spíkà ńlá méjì tó wà nígun ló ti ń bọ̀. Ọba kò tíì yọjú tí ìlù fi kì í tán. Àga òfìfo nìlù kí káàbọ̀. Nígbà tí kábíyèsí wá yọ, ìlù ti dákẹ́, ó kàn rìn wọlé ṣáá bí ẹni tó fẹ́ lọ gbowó ní báńkì. Ẹ fi òṣèré sílẹ̀ o, kí ló fẹ́ ṣe? Onílù tó bá wà níbẹ̀ ì bá ti rí èjìká rẹ̀ lẹ́bàá aṣọ, kó tó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ìsìnkú àrẹ̀mọ. Ọkùnrin tó ṣe bàbá ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ ti òkú, ó ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, kò wí nǹkan kan, àtàǹpàkò ló kàn fi ń nu iwájú orí ọmọ náà ní ànùtúnnù. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìgbà náà ni ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ yín tẹ ìlù sí i, ni ìlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, “Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnáwó.” Níbi òkú ọ̀fọ̀! Ó dájú pé níbi ìgbéyàwó ẹnìkan ni wọ́n ti gba ohùn ìlù yẹn sílẹ̀, torí nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún kí ìyá ìyàwó. Àwọn tó gbọ́ ìlù lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Òṣèré yín gbójú sókè, ó rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ìjókòó K kò jìnnà, mo rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi gèlè bojú.

Ẹ lè sọ pé àwọn tó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí kò pọ̀ nínú wa mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe níbí ní Ṣómólú: bí oníbàárà kò bá mọ̀wé kà, ṣé ohun tó bá wù mí ni kí n wá tẹ̀ fún un?

Lẹ́yìn ìsinmi, iná lọ. N kò bá yín wí lórí iná, Nàìjíríà ni gbogbo wa jọ wà. Àárín ijó bàtá ni olorì wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ìlù bá já gííkẹ́. Jẹnẹrétọ̀ gbé iná padà láìpẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìlù yín kò tíì jí. Obìnrin yẹn dá ẹsẹ̀ náà dúró lókè, ó ń retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó fúnra rẹ̀ gbé orin sẹ́nu. Bàbá arúgbó kan níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu apá àga rẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn fi àtẹ́wọ́ gbà á, ìyá mi náà gbè é. Kò sí ibi tó dùn tó ibẹ̀ nínú gbogbo eré yẹn, ẹ bá mi kí olorì náà o, ó káre. Àfi gbàù! Ẹ̀rọ jí, orin mìíràn pátápátá ló sì gbé dé, ó bo tiwa mọ́lẹ̀. Olorì dákẹ́. Ó wo ọ̀gangan ibi tí spíkà wà fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún ijó náà bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Nígbà tí eré parí, mo fi pẹ̀lẹ́tù bá ọ̀dọ́mọkùnrin yín kan tó fi káàdì kọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ìlù ṣáà dún. Àbí kò dún?” Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ pé ká máa lọ. Mo wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ọwọ́ méjì tó pa pọ̀ ni mo gbà lésì, pẹ̀lú ìpolówó eré yín tó ń bọ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ pín fún wa sọ pé ipasẹ̀ Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládipọ̀ lẹ ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, lọ sí Bẹ̀líìnì ní 1964, ó kó onílù bàtá dání lọ sí Jámánì. Ẹ̀yin tí ẹ wà l’Éèkó, tí onílù kò wọ́n yín láti Mushin títí dé Agége, ẹ kò lè wá mẹ́ta péré, ìyá ìlù, omele àti gúdúgúdú? Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé Ògúndé náà mú ohun èlò òyìnbó wọ inú eré, bẹ́ẹ̀ ni, ó lo sasofóònù. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń fọn ún, ẹni tó ń fọn ún sì ń wo ojú òṣèré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé àṣìṣe atẹ̀wé ni ohun tó wà lórí pósítà. A kì í ṣí ẹ̀rọ kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá tó wo pùrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹnìkan nínú ilé-iṣẹ́ yín ló ka “onílù dùndún àti bàtá lójúkojú”, ló ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí a máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Pósítà náà ṣì wà lára ògiri lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà di àná, ó ṣì ń bá yín pe èrò.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ dá ₦12,000 padà fún mi, ìyẹn ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. N kò béèrè gbogbo rẹ̀ torí àwọn òṣèré ṣe iṣẹ́ tiwọn, ẹ má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé ara owó wọn lẹ ti yọ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí àwọn eré tó kù lóṣù yìí tó wáyé, ẹ wá onílù, tàbí kí ẹ lẹ bébà mọ́ ọ̀rọ̀ náà lára pósítà kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú tàbí Ìyànà Ìpájà lè mọ ohun tó ń sanwó fún. Mo ń retí èsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí n kò bá rí i, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 kò fàyè gba ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá sì gbé rìsíìtì àti pósítà lọ. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù.

Nọ́ńbà tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí ẹ̀rọ wa kì í jẹ́ kí n gbọ́ fóònù lọ́sàn-án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín, ìjókòó K14 àti K15.