Okìkí Kò Ra Okùn Gìtá: Ẹ San Owó Àwọn Olórin Ìlú Wa

Sí Olóòtú,

Ìwé kan tẹ àwa olórin ìlú yìí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọ́fíìsì tó ń ṣètò àjọ̀dún orin ìlú, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì mú mi gbé kálàmù. Wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ eléré tó wà nílùú wá ṣeré láti ọ̀sán títí di alẹ́, kí oníkálukú gbé ohun èlò rẹ̀ dání, kí a má sì retí owó kankan, nítorí pé àǹfààní ńlá ni yóò jẹ́ fún wa kí àwọn ènìyàn mọ̀ wá. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti kéde orúkọ gbajúmọ̀ olórin kan tí yóò ti ìlú ńlá wá kásẹ̀ eré nílẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ kí owó rẹ̀ tó wọ àpò. N kò bá gbajúmọ̀ náà jà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iye tí iṣẹ́ náà tó. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tó ń ná owó ìlú mọ bí a ṣe ń san owó olórin dáadáa. Àwọn olórin tó ń gbé láàárín wọn nìkan ni wọn kò fẹ́ san fún.

Láti ìgbà tí mo ti ń ta gìtá nílùú yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá wa sọ: ẹ wá ṣeré, ẹ ó gbajúmọ̀. Àwọn aláṣẹ ń sọ ọ́, àwọn tó ni ilé ìgbafẹ́ ń sọ ọ́, àwọn ilé-ìwé tó ń ṣe ayẹyẹ ń sọ ọ́, àwọn oníṣòwò tó ń ṣí ilé ìtajà tuntun náà ń sọ ọ́. Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tó kan ìtàgé, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tó so iná mọ́ ọn, wọn kì í sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tó tẹ ìwé ìpolówó tí orúkọ wa wà lára rẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń gba owó wọn. Àwa tí àwọn ènìyàn tìtorí wa wá síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi okìkí san fún.

Bóyá àwọn aláṣẹ wa rò pé ìgbà tí iná ìtàgé bá tàn ni iṣẹ́ olórin ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ìgbà tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ ló ń parí. Kí ẹgbẹ́ eléré ẹlẹ́ni márùn-ún tó lè fi wákàtí kan ṣoṣo dá àwọn ènìyàn lára yá, wọn yóò ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ṣe ìdánrawò nínú yàrá tí wọ́n ń fi owó ara wọn háyà, lẹ́yìn tí oníkálukú ti ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú àárẹ̀. Onílù tiwa ń kó ẹrù nílé ìkẹ́rùsí láti òwúrọ̀. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù láti ilé dé ilé. Èmi fúnra mi ń tún gìtá àwọn ẹlòmíràn ṣe. Bí ọjọ́ eré bá pé, wọn yóò ní kí a wà níbẹ̀ láago méjì ọ̀sán láti yẹ ohùn ẹ̀rọ wò. A ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà a ó jókòó ti ẹrù wa títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó kàn wá. Onílù ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló sì ń kẹ́yìn kúrò, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ tú ìlù, irin ìdúró àti àwo idẹ rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó dì wọ́n, kí ó sì rù wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí àwọn tó wòran ti dé orí ibùsùn wọn. Okùn gìtá ń já, awọ ìlù ń ya, wáyà máìkì ń bàjẹ́, ọkọ̀ tí a fi ń kẹ́rù ń mu epo. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fi okìkí rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí okìkí tí wọ́n ń wí yìí ṣe rí nínú ìlú tí kò tóbi. Ní ìlú ńlá, ó ṣeé ṣe kí olórin máa ṣeré lóṣooṣù fún àwọn tí kò rí i rí. Níhìn-ín, àwọn tó fẹ́ràn láti wá wo eré lójúkojú kò pọ̀, àwọn kan náà ni a sì ń rí níwájú ìtàgé láti ọdún dé ọdún. Wọ́n mọ̀ wá, wọ́n ń kí wa lójú títì, àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ orin wa sórí débi pé wọ́n máa ń rán wa létí bí a bá gbàgbé ìlà kan. Ta wá ni ọ́fíìsì náà fẹ́ fi wá hàn? Bí a bá sì ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ta ni yóò sanwó ìwọlé láti wá wò wá lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e? Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín kiri yìí ni ó ń ba ọjà tí à bá tà jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò gbé nínú irú ìlú báyìí kò lè tètè mọ̀. Ibi tí a ti lè ṣeré kò ju mélòó kan lọ, àwọn tó ni wọ́n sì mọ ara wọn. Ẹni tó bá fi ohùn líle béèrè owó rẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti dé etí àwọn yòókù kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fọn fèrè béèrè owó iṣẹ́ tó ti ṣe lọ́wọ́ aṣètò ayẹyẹ kan. Wọn kò bá a jà, wọn kò sì sọ pé àwọn kò ní san; wọn kàn ṣíwọ́ pípè é ni. Ó ti ta fèrè náà báyìí. Àwọn tó mọ gìtá béèsì ta kò tó nǹkan nílùú yìí, débi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá ẹgbẹ́ mẹ́rin ṣeré; bí òun náà bá kó lọ sí ìlú ńlá, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orin ṣe ń kú nínú ìlú nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣòfin pé kí ó kú.

Nígbà tí wọ́n bá sì gbà láti sanwó, dídúró de owó náà tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. A ṣeré níbi ayẹyẹ kan tí wọ́n fi owó ìlú ṣe. Àwọn aláṣẹ jó, wọ́n bá wa ya fọ́tò. Nígbà tí a lọ gba owó wa, ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní kí a lọ sí èkejì, èkejì ní ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ti rin ìrìn-àjò, ẹni náà dé, ó ní ìwé wa kò pé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ fún wa ṣáájú eré pé ìwé kankan wà tí a ní láti mú wá. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí owó náà tó jáde, èyí tó sì jáde kò tó iye tí a jọ sọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìlànà kan wà láti ọdún 2011 tó pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ọ̀ràn tí ó dá yàtọ̀, kí wọ́n san owó ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ 30. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èlé yóò gorí owó náà. Ohun tí wọ́n lè kọ sínú òfin fún gbogbo oníṣòwò níbẹ̀, kí ló dé tí ọ́fíìsì kan ṣoṣo kò fi lè ṣe é fún onílù àti onígìtá níhìn-ín?

Àwọn kan yóò ní kí a gbé orin wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a sì jẹ níbẹ̀. A ti gbé e síbẹ̀. Láti ọdún 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní mú owó kankan wọlé fún ẹni tó gbà á sílẹ̀ lórí Spotify, ìwọ̀nba tó sì ń wọlé lẹ́yìn ìyẹn kò tó ra okùn gìtá. Eré tí a ń ṣe lójú àwọn ènìyàn ni a fi ń jẹun, òun náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀ràn yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1847, ará Faransé kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, Ernest Bourget, wà nílé ìgbafẹ́ Café des Ambassadeurs ní Paris, ó sì gbọ́ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ dá àwọn oníbàárà lára yá láìfún un ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n béèrè owó ohun tó mu, ó kọ̀, ó ní bí wọn kò bá ní sanwó iṣẹ́ òun, òun náà kò ní sanwó ohun mímu wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì gbè é. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá SACEM sílẹ̀ ní ọdún 1851, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó ni orin gba owó wọn ní Faransé títí di òní. Ohun tí Bourget rí ló ṣì wà níwájú wa: orin wà lára ohun tí wọ́n ń tà, ẹni tó sì ń tà á ló yẹ kó sanwó rẹ̀.

Àtúnṣe tí mo ń fẹ́ kò le. Kí àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé ayẹyẹ èyíkéyìí tí owó ìlú bá wọ̀, kò sí olórin tí yóò gun orí ìtàgé rẹ̀ láìjẹ́ pé ìwé àdéhùn wà láàárín òun àti ẹni tó pè é. Ojú ìwé kan péré tó. Kí ó sọ ọjọ́ eré, aago tí olórin yóò dé àti aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ gan-an, iye ìṣẹ́jú tí yóò fi ṣeré, iye ènìyàn tí yóò mú wá, àti ẹni tí yóò pèsè ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí ó sọ iye owó náà ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí ó sì dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí owó náà wà lọ́rùn rẹ̀, kí a má baà tún máa ti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Ìdajì owó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ tí a bá fọwọ́ sí ìwé, nítorí pé láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń náwó lórí ìdánrawò. Ìdajì yòókù gbọ́dọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ eré kí a tó di ohun èlò wa. Bí wọ́n bá fagi lé eré nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, kí ìdajì àkọ́kọ́ di tiwa, nítorí a ó ti kọ iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ nítorí tiwọn. Bí olórin náà kò bá sì yọjú, kí ó dá owó wọn padà lódindi. N kò béèrè pé kí òfin náà máa de ẹnì kan ṣoṣo. Bí ìlú bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn onílé ìgbafẹ́ náà yóò tẹ̀lé e, nítorí pé yóò ti mọ́ wa lára láti béèrè ìwé kí a tó gbé gìtá, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè pe ẹni tó béèrè rẹ̀ ní oníjàgídíjàgan.

Wọn yóò ní kò sí owó. Bí owó kò bá tó ẹgbẹ́ mẹ́jọ, kí wọ́n pe mẹ́ta kí wọ́n sì san owó mẹ́ta. Wọn yóò ní a fẹ́ràn orin. Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ràn rẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà ń gba owó oṣù, kò sì sẹ́ni tó fi ìfẹ́ yẹn du owó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n tún lè ṣe. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé máa ń ṣófo lálẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí a máa ṣe ìdánrawò níbẹ̀. Kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ máa fi owó ara rẹ̀ dí ariwo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi sínú ìlànà ìkọ́lé ní England ní ọdún 2018. Ní Ireland, ní ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìdánwò kan, nínú èyí tí wọ́n fún 2,000 àwọn oníṣẹ́ ọnà, olórin wà lára wọn, ní 325 yúrò lọ́sẹ̀. N kò retí irú èyí lónìí, owó iṣẹ́ tí a ti ṣe ni mo ń béèrè.

Ní tèmi àti ẹgbẹ́ mi, a kò ní ṣeré ní àjọ̀dún náà bí kò bá sí ìwé àdéhùn àti owó àsansílẹ̀, mo sì rọ àwọn ẹgbẹ́ yòókù pé kí wọ́n má gba ipò wa lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti kọ àwòṣe ìwé àdéhùn olójú ewé kan, mo sì fi ṣọwọ́ sí yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún olórin tàbí aláṣẹ èyíkéyìí tó bá béèrè rẹ̀. Kí ọ́fíìsì tó ń ṣètò àjọ̀dún sọ fún wa nínú ìwé ìròyìn yìí, ṣáájú kí wọ́n tó tẹ ìwé ìpolówó, ohun tó wà nínú rẹ̀ tí wọn kò lè fọwọ́ sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onígìtá kan nílùú yìí