Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Owó Agbaninímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. A dúpẹ́ pé sáà yìí ń lọ sópin ní àlàáfíà.

Èsì ìdánwò àárín sáà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ bi wọ́n. Ìdánwò àṣedánrawò IJMB, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ Yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ di Sátidé ìkẹyìn oṣù yìí, aago 10 àárọ̀. Bọ́ọ̀sì wa kò ní yà sí Dutse mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fà mọ́ ara yín lọ́wọ́ lórí WhatsApp: ₦7,500 tí a fi kún owó ilé-ìwé nítorí agbaninímọ̀ràn tí a gbà. Àwọn kan ní ọ̀nà àtijẹ la ń wá. Àwọn mìíràn ní a ti sọ ilé-ìwé di Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, torí pé a mú ọmọ kan lọ rí dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Gwagwalada. Mi ò ní sọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i, ó tán.

Àrò tí ẹ fi ń bú wa ńkọ́? Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1954, inú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ló fi ọ̀pọ̀ aláìsàn sí pẹ̀lú ẹbí wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń ṣe oko. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ọgbọ́n ọgbà ewébẹ̀ wa kọ́. Ẹ wá wo tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ àti zogale (ewé moringa) tó kún ẹ̀yìn ilé ìdáná! Ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì, bó bá di ìdí ebè, ẹ ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀. N kò tíì rí irú ọgbà yẹn ní ilé-ìwé mìíràn ní Kubwa.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Bí ìjọba bá lè kúrò níbẹ̀, àwa náà lè kúrò.

Ẹ ro ọmọ tó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, tí bàbá rẹ̀ ń pè lálaalẹ́ láti sọ fún un pé ọmọ Lágbájá ti wọ Yunifásítì. Ẹ ro èyí tí ilé wọn wà ní Kàdúná, tí ẹ̀rù ọ̀nà kì í jẹ́ kó sùn bí ìsinmi bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn, ìwé ò wọ orí. Ẹ̀yin á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ibà ńkọ́, ṣé ẹ kì í lo oògùn sí i?

Ohun tí ọmọ bá bá agbaninímọ̀ràn sọ, èmi gan-an kì í gbọ́ ọ, àyàfi tí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ewu. Nítorí náà, ẹ yéé pè mí láti wádìí.

Owó náà kò ní yí padà. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó rí akápò, a ó pín in sí méjì. Ẹni tó sì ní òun ò san torí pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ dé yàrá agbaninímọ̀ràn, ọmọ rẹ̀ yóò máa dé ibẹ̀.

Láti sáà tó ń bọ̀, a ó máa gba fóònù àwọn ọmọ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní aago 10 alẹ́. Ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó di àkókò yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé,
Kubwa, Àbújá